Owó Tiwọn Ló Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Wọlé: Ọ̀rọ̀ Nípa Àjọ Àwọn Obìnrin Adivasi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ jàre, àkókò ò dúró. Adivasi ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Índíà tipẹ́tipẹ́, àwọn bíi Santal, Munda àti Oraon ní Jharkhand, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀. Ìkànìyàn 2011 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 100. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yẹn, abẹ́ sahukar ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ìyẹn olówó èlé. Wọ́n á yá owó ìsìnkú, wọ́n á fi iṣẹ́ ara san án títí. Mi ò ní ṣàlàyé ìwọ̀fà fún yín, ọmọ Yorùbá lẹ jẹ́. Índíà fòfin dè é ní 1976, àmọ́ òfin ò lè báàyàn san gbèsè.

Ibi témi àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń jà nìyí o. Wọ́n ní kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ sahukar, ká ṣáà kó owó ìjọba wá fún wọn. Èmi ní rárá, owó tiwọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé! Owó ìjọba, ta ló ń dá a padà nínú yín? (Ẹ̀rín.) Àjọ tí mò ń sọ rèé: obìnrin 10 sí 20 ló ń kóra jọ, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dá owó, àmọ́ kò rí bí èsúsù wa tẹ́nì kan á ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sílé, inú àpótí lowó yẹn ń wà, ara wọn ni wọ́n ń yá, èlé tí wọ́n bá san inú àpótí náà ló ń padà sí. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, owó ìyá tó ń bá a pọnmi ló jẹ, ibo ló fẹ́ sá sí? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tówó òde ń ṣe, ẹ ṣáà rántí Andhra Pradesh, ìpínlẹ̀ míì ní Índíà, ní 2010, nígbà táwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó ń kó lóònù lé àwọn obìnrin lórí, títí ìjọba fi ṣòfin lé wọn.

Mo fẹ́ lọ sórí ọ̀rọ̀ báǹkì ni màmá kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún dìde: “Ẹni tí ò jẹun yó, kí ló fẹ́ dá?” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ẹ ṣeun mà. Ìrẹsì! Kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná, wọ́n ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì tún wo mahua, òdòdó tó ń já bọ́ nínú igbó lóṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Wọ́n ń ṣà á láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń sá a, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń fi pọn ọtí. Torí àìlówó, kíá ni wọ́n ń tà á fún oníṣòwò ní pọ́ọ́kú, tójò bá dé tónjẹ wọ́n, wọ́n á tún lọ rà á padà lọ́wọ́ ẹni yẹn lówó gọbọi. Tí àpótí bá wà, obìnrin náà á yá owó ìrẹsì níbẹ̀, mahua ẹ̀ á wà nílé títí ọjà á fi dára. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o!

Ìyókù, kíákíá: ní 1992, NABARD, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Índíà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, so irú ẹgbẹ́ yìí 500 mọ́ báǹkì láti fi dánwò, ó sì tàn káàkiri. Ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, ẹ kà á sókè nípàdé, torí ẹni tí ò mọ̀wé náà lówó níbẹ̀. Alága, mo ti rí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa máíkì. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa èlé, mo wà níta.