Ọkọ Méjì, Ìyàwó Méjì: Ta Ló Máa Wọlé Kẹ́yìn?

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìgbéyàwó. Ìyàwó là ń gbé. Tó bá wá jẹ́ ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ra wọn, ta la fẹ́ gbé? Ibẹ̀ ni ètò ti máa ń dàrú, torí ètò àtijọ́ ti gbà pé ẹnì kan á dúró níwájú, ẹnì kejì á rìn wá bá a.

Netherlands ló kọ́kọ́ fi òfin gba irú ìgbéyàwó yìí, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001. Lóru ọjọ́ yẹn ni Job Cohen, olórí ìlú Amsterdam, so ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin méjì pọ̀ ní méjì-méjì. South Africa ṣe tiwọn ní 2006, gbogbo Amẹ́ríkà ní 2015, Taiwan ní 2019, Thailand ní 2025.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń pín àga sí apá mẹ́ta kí ọ̀nà méjì lè wà, kí àwọn méjèèjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n pàdé níwájú. Ó máa ń dára lójú gan-an, àmọ́ ayàwòrán kan ò lè wà níbi méjì: ẹ wá méjì. Ẹ ka ìṣísẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Bí ìkan bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gùn ju èkejì, ẹnì kan á dé, á máa wo òkè. Tí ìyàwó méjì bá fẹ́ jọ rìn lójú ọ̀nà kan, tí gáùn àwọn méjèèjì sì ń wọ́lẹ̀, ẹ sún àga kí àyè tó nǹkan bíi mítà méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkan á tẹ ìrù aṣọ èkejì.

Aṣọ funfun náà ńkọ́? Kì í ṣe nǹkan ayébáyé. Ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria wọ̀ ọ́ ní 1840 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé funfun pọ̀ ní oríṣi. Bí ìkan bá funfun báláú, tí èkejì pọ́n díẹ̀, nínú fọ́tò ni ẹ ó ti rí i pé ìkan dà bí aṣọ tó dọ̀tí. Ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ fún télọ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi wéra nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè “ta ló fa obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?” ti ń kúrò nílẹ̀, kódà láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ẹbí méjèèjì ni wọ́n ń bi báyìí bóyá wọ́n fọwọ́ sí i.

Àmọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín gé ẹ̀jẹ́ kúrú. Ní England àti Wales, níbi tí ìgbéyàwó yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, òfin ní ọ̀rọ̀ tí tọ̀tún-tòsì gbọ́dọ̀ fẹnu ara wọn sọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 ó kéré tán ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹ tẹ gbólóhùn ìparí ní lẹ́tà ńlá fún ẹni tó máa so yín pọ̀, kí ó kà á sókè níṣojú yín. “Ọkọ àti ìyàwó” ti mọ́ ọn lẹ́nu jù.