Ìbéèrè Ni Ká Kọ́kọ́ Wá, Rọ́kẹ́ẹ̀tì Á Tẹ̀lé E

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá bá wa l'Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ náà ni mo tún gbé dé: ọmọ tó bá ti ní ìbéèrè tó dáa tó fẹ́ kí wọ́n lọ dán wò lófuurufú ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Lọ́dún 1973, Judith Miles, ọmọ háísíkúù l'Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá aláǹtakùn á lè ta òwú níbi tí nǹkan ò ti wúwo. Ìbéèrè náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, bá gbé aláǹtakùn méjì, Arabella àti Anita, lọ sí Skylab, ilé ìwádìí wọn tó ń yípo ayé nígbà yẹn. Èyí tí Arabella kọ́kọ́ ta rí wúruwùru, nígbà tó yá ó mọ̀ ọ́n ta, òwú ọ̀hún kàn tín-ín-rín ju ti ilé lọ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí òòfà ayé lókè yẹn o, ó wà! Space station, ilé tí àwọn astronaut ń gbé lókè níbẹ̀, ò jìnnà ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ, ó kàn ń já bọ́ yípo ayé ni, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ náà ń bá a já bọ́, ìdí nìyẹn tí iná àbẹ́là fi ń rí roboto níbẹ̀, torí ooru ò mọ ibi tó ń jẹ́ òkè.

Àwọn tó máa ń sọ pé ká kọ́kọ́ ní iná ná ká tó máa sọ ti òfuurufú, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákúrẹ́, bá Kyutech, yunifásítì kan ní Japan, ṣe sátẹ́láìtì kékeré tó ń jẹ́ NigeriaEduSat-1, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti space station lọ́dún 2017. Ẹni tó bá dúró de iná á pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tá a bá gbé ẹ̀wà lọ sí òfuurufú láti wò ó bóyá á hù, tí kò wá hù dáadáa ńkọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ló mì í jù?"

Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni experiment! Ẹ mú ẹ̀wà kan náà, omi kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ fi apá kan sílẹ̀ nílé, ẹ sì mi díẹ̀ nínú ti ilé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe máa mì ín. Lókè, ẹ fi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí, kó lè máa rò pé òun wúwo. Tí èyí tó ń yí bá hù dáadáa tí èyí tí kò yí ò hù, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi: àìwúwo ni, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì rántí ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, torí gbòǹgbò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìsàlẹ̀, nítorí náà kẹ́míkà tó máa dá ìdàgbà ẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá tí ẹ̀wà náà wà, kí astronaut kàn ṣí klámpù tó dí kẹ́míkà náà mọ́, kó gbọ̀n ọ́n, ó tán. Kò ráyè máa wò ó fún yín lójoojúmọ́.

Àsìkò ti lọ, wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi. Tẹ́ ò bá rí rọ́kẹ́ẹ̀tì, clinostat wà: mọ́tò kékeré tó ń rọra yí ìkòkò ọ̀gbìn tẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, gbòǹgbò ò ní mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ lè ṣe é nílé ìwé yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ṣáà gbé ìkòkò kejì tí kò yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìwọ tó béèrè yẹn, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ kí tíṣà yín gbọ́ ọ pẹ̀lú.