Oníní: Owó Tó Kéré Jù Lọ Láyé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ wo owó wẹ́wẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Ihò wà láàárín rẹ̀, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Oníní ni. Mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan ayé ìgbà náà, ìyẹn pẹ́nì, ọgọ́fà rẹ̀ sì ni ṣílè kan. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde ní ọdún 1907, owó ẹyọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń ra nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lọ́jà, ihò yìí sì jẹ́ kí oníní náà ṣeé sín sí okùn bí owó ẹyọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́ lára, ni wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1908 sí bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́lì.

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó irú owó yìí jọ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Nàìjíríà lára. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, orúkọ Nàìjíríà kúrò níbẹ̀, nítorí owó kan náà ni Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia ń ná. Lẹ́tà H tàbí KN fi hàn pé ìlú Birmingham ni wọ́n ti ṣe é.

Èyí tó wù mí jù ni ti ọdún 1936. Ẹ yí i sí ojú tí adé wà, kí ẹ ka orúkọ ọba: George Karùn-ún wà lára àwọn kan, Edward Kẹjọ sì wà lára àwọn yòókù. Edward kò lo ọdún kan lórí oyè kó tó fi adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, wọn kò sì ná owó rẹ̀ ní ìlú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó oníhò kò gba àwòrán orí ọba, wọn kò ní láti dúró de àwòrán kí wọ́n tó ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì ti dé ọwọ́ àwọn ìyálọ́jà wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè dán. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí fún un kì í padà mọ́, iye rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka mú.

Nígbà tí Nàìjíríà gba owó tirẹ̀ ní ọdún 1959, wọn kò ṣe oníní mọ́. Eépìnnì, ìyẹn ààbọ̀ pẹ́nì, ló kéré jù, ihò àti ìràwọ̀ onígun mẹ́fà náà sì ṣì wà lára rẹ̀.