Bí Iná Bá Jó Oko Kajú Yín, Ẹ Má Tíì Gbé Àdá

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kábà, ní Ìyàrá, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀. Òkun o, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi.

Ẹ wo igi tó wà lẹ́yìn mi yìí. Kajú ni. Ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò ku ewé kan lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí iná ti gba ibí kọjá. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti kú. Ó yá, ẹ sún mọ́ mi. Màá fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀, níbi tó ga tó orúnkún mi. Ẹ ti rí i? Abẹ́ èèpo ṣì tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé. Igi yìí ò kú.

Lọ́dún tí iná wọ oko bàbá mi, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ká họ èèpo wò. Kí oṣù tó tán, a ti gé gbogbo igi, a ti tà wọ́n fún àwọn tó ń sun èédú. Ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn àpáta, tí a ò rántí gé, òun ló rú padà nígbà tí òjò dé. Ó ń dùn mí dòní. Ìdí tí mo fi ń ṣe fídíò yìí nìyẹn.

Àwa nìkan kọ́ ni iná ń bá fà á. Ní California, ní Amẹ́ríkà, ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2017, iná sọ ní àgbègbè Napa àti Sonoma, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Atẹ́gùn gbígbẹ ló ń gbé e kiri, bí ọyẹ́ tiwa gan-an. Ilé jó, igbó jó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, tí iná bá dé etí ọgbà àjàrà, ńṣe ló ń rọlẹ̀. Àjàrà tutù, wọ́n sì ti ro abẹ́ rẹ̀ mọ́. Iná ò rí nǹkan jẹ.

Oko kajú tiwa ńkọ́? Oṣù kọkànlá ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, oṣù kejì la ti ń ṣa èso. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí ọdẹ ń fi iná lé ọ̀yà, tí ẹni tó ń ro oko tuntun ń sun pàǹtí, tí ẹlòmíràn ń ju sìgá sínú koríko. Ewé gbígbẹ sì ti kún abẹ́ igi dé kókósẹ̀.

Nítorí náà, ìparí oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí koríko tó gbẹ. Ẹ ro etí oko yíká, ó kéré tán ẹsẹ̀ mẹ́wàá ní fífẹ̀, kẹ́ ẹ gbá a títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. Ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wá. Bí oko yín bá wà lórí òkè, ẹ fún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àfikún: iná a máa sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Tó bá di oṣù kìíní, ẹ tún un gbá, torí ewé á ti tún bọ́ sí i. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dáná sun oko láìpe ẹnì kejì.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: ẹ má kó àpò kóró kajú sábẹ́ àgọ́ koríko. Òróró inú èèpo kóró náà ń jó burúkú.

Bí iná bá ti ga jù yín lọ, ẹ sá. Ẹ má sá gun òkè.

Ẹ̀yin adẹ́mu, ọ̀pẹ yàtọ̀ sí kajú. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lókè, ní ọ̀gọ̀mọ̀. Bí ọ̀gọ̀mọ̀ bá ṣì tutù, ọ̀pẹ á yè, ìbáà dúdú láti ìdí dé ọrùn. Bí ọ̀gọ̀mọ̀ bá jó, ó parí, torí orí kan ṣoṣo ló ní. Imọ̀ gbígbẹ tó rọ̀ sí i lára sì ni àkàbà tí iná fi ń gùn ún. Ẹ gé e kúrò ṣáájú ọyẹ́.

Èéfín náà ń jà. Ní 2020, iná tún dé Napa kí wọ́n tó kórè tán, àwọn tí iná ò tilẹ̀ dé oko wọn náà sì pàdánù. Èéfín a máa gba èèpo àjàrà wọlé, á so mọ́ ṣúgà inú rẹ̀. Omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá jẹ èso náà lè má mọ̀. Ìgbà tó bá ń hó, tó ń di wáìnì, ni òórùn eérú á yọ. Wáìnì pupa ló burú jù, torí inú èèpo ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ò ṣe wáìnì pupa rárá lọ́dún náà. Àwọn mìíràn kọ́kọ́ fi èso díẹ̀ ṣe é nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó náwó lé ìyókù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi omi èso kajú ṣe wáìnì, tẹ́ ẹ ò dà á nù bíi tàwa yòókù, mo kí yín gan-an. Bí èéfín bá bo oko yín, ẹ fi ìgò kan dán an wò ná.

Ẹ ya fọ́tò oko yín nísinsìnyí tó ṣì tutù. NAIC, ilé iṣẹ́ adójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, máa ń ṣe adójútòfò fún oko; àmọ́ kí iná tó dé ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀.

Ká padà sídìí igi wa yìí. Mi ò ní fi àdá kàn án báyìí. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, màá tún họ ọ́ láti òkè wálẹ̀, màá gé e níbi tí àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀, màá gé e kó dagẹ̀rẹ̀ kí omi má dúró lórí rẹ̀. Ó máa rú púpọ̀. Méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára jù ni màá fi sílẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, màá padà wá síbí pẹ̀lú kámẹ́rà, a ó jọ ka ọ̀mùnú rẹ̀.