Ohun tó ń mú kí ìfun wú, tí kò sì fẹ́ jinná

Àrùn Crohn ni àrùn tó ń mú kí ìfun wú, tí kì í sì í jinná bọ̀rọ̀. Ká tó lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo awọ tínínrín tó bo inú ìfun. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ni ara sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bakitéríà wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara wà lábẹ́.

Tí bakitéríà bá rí àlàfo wọlé, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun yìí, sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ macrophage, á tètè fura. Á tú cytokine jáde, ìyẹn àwọn purotéènì kékeré tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Cytokine tó ń jẹ́ IL-8 ni yóò pe neutrophil, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, wá. TNF, cytokine mìíràn, ní tirẹ̀ á mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ máa lẹ̀, kí neutrophil lè dúró níbẹ̀, kó sì gba àárín rẹ̀ jáde. Omi á tẹ̀ lé e, ibẹ̀ á wú, á pọ́n. Títí dé ibí, kò sóhun tó burú: bakitéríà á kú, ibẹ̀ á jinná.

Nínú àrùn Crohn, ìjà náà kì í tán. TNF kan náà ló tún ń tú ìdè tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ mọ́ra. Bí ìdè bá ti tú, bakitéríà mìíràn á wọlé, macrophage á tún ránṣẹ́, TNF á tún pọ̀ sí i. IL-23, cytokine mìíràn, kò sì ní jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì Th17, oríṣi ọmọ ogun ara kan, tó ti péjọ tú ká. Awọ á wá máa kú ju bí ara ṣe ń rọ́pò rẹ̀ lọ. Egbò dé nìyẹn, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ara rírù.

Oògùn infliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn Crohn lọ́dún 1998, máa ń dì mọ́ TNF kó má lè ṣiṣẹ́. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, 5 mg fún kílò ara kan: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ má gbà á o, àfi tí wọ́n bá ti yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. TNF wà lára ohun tó ń sé ikọ́ tó ti sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Bí a bá mú un kúrò, ikọ́ lè jí.

Ẹni tó bá rò pé cytokine èyíkéyìí la lè dí, kó wo abẹ́rẹ́ secukinumab. IL-17A, oríṣi cytokine IL-17 kan, ló ń dí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún psoriasis, àrùn awọ ara kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò fún Crohn, kò ṣiṣẹ́, ó tún dá kún ìṣòro àwọn kan. Ìdí ni pé IL-17 ń bá awọ ìfun di ìdè rẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní psoriasis, tí inú sì tún ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ abẹ́rẹ́ yẹn fún yín.