Ẹja Onígi Tí Mi Ò Ní Tà

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, ẹ rọra wà á o. Láti Houston ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán kí n tó sùn. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹja kéékèèké tí mo máa ń fi igi gbẹ́ ni, tí mo ń kùn lọ́dà, tí mo sì ń fi pa ẹja gidi.

Ẹni tó bá dàgbà sétí ọ̀sà bíi tèmi, lọ́wọ́ Ẹ̀pẹ́, mọ ìwọ̀, ó mọ ekòló, ó mọ àwọ̀n àti ìgèrè. Ẹja ń wá oúnjẹ, ìwọ náà gbé oúnjẹ fún un. Texas ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn tó ń fi igi pẹja. Ẹja kò fẹ́ jẹ igi o. Ìrìn tí igi yẹn ń rìn nínú omi ni, ó ń rìn bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, ẹja ńlá kì í sì í rí aláìlera kó mójú kúrò. Lure ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹja onígi ni wọ́n ń pè é nílé mi.

Bass ni à ń fi pa jù, ẹja ẹlẹ́nu gbàgàdà tó máa ń sá sábẹ́ koríko omi àti ìdí kùkùté, tó ń dúró de ohun tó máa kọjá. Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́. Ó fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀ tó ti lò pẹ́. Ọ̀dà ikùn rẹ̀ ti bó yí po níbi tí ìwọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn ti ń gbo ó. Mo ṣì ní i.

Igi balsa ni mo fẹ́ràn jù láti gbẹ́. Ecuador ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ó fúyẹ́ débi pé bí o bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ ni yóò sọ fún ọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìfúyẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kó máa gbọ̀n kíákíá tí a bá ń fà á. Tí mo bá mọ̀ pé àpáta àti kùkùté pọ̀ níbi tí mò ń lọ, igi tó le ju ìyẹn lọ ni mo máa ń lò, basswood tàbí kédárì.

Fáàdá Kevin Carroll, tó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ láti 1947, kọ ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn gan-an, nítorí ohun tí mò ń ṣe nínú gáréèjì nìyẹn. Màá kọ́kọ́ gé ìrísí ẹja náà jáde lára igi. Màá wá yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó rí róbótó, kí orí yàtọ̀ sí ìrù. Lẹ́yìn ìyẹn ni sáńpépà, títí tí ọwọ́ kò fi ní rí ibi págunpàgun mọ́. Igbẹ̀yìn ni màá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fín ìjàgbọ̀n àti ojú. Ẹ fi nǹkan bo imú o, ẹ̀yin tó bá fẹ́ dán an wò. Eruku balsa lẹ́lẹ́ bí àtíkè, ẹ̀dọ̀fóró kò sì fẹ́ ẹ.

Ètè tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. Ike líle tó mọ́ gaara ni mo fi ń ṣe é. Bí ètè náà bá gùn tó sì nà síwájú, ẹja onígi yẹn á rì lọ jìnnà. Bí ó bá kúrú tó sì dúró gangan, òkè omi ni yóò máa wà, á máa jùdí sọ́tùn-ún sósì. Màá ki òjé díẹ̀ sí i níkùn, kó lè mọ ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí òkè. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹnu dé ìrù. Òun ni ìwọ̀ rọ̀ mọ́, kó lè jẹ́ pé bí ẹja ńlá bá fọ́ igi yẹn, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo ti ń dán an wò kí n tó kùn ún, pẹ̀lú ìwọ̀ lára rẹ̀, torí ìwúwo ìwọ̀ wà nínú ìṣirò. Mo fẹ́ràn àkókò yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Títí di ìgbà yẹn, igi ni. O so okùn mọ́ ọn, o fà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìrù! Bí ó bá ń yà sósì, màá tẹ ojú wáyà tí okùn so mọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀, títí tí yóò fi rìn tààrà.

Ọ̀dà ló kàn. Màá fi funfun tẹ́ ẹ. Ẹja shad ni bass ń jẹ jù nínú àwọn adágún wa, nítorí náà shad ni mo máa ń kùn jù: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bíi fàdákà, ikùn rẹ̀ funfun, àmì dúdú kan sì wà lẹ́yìn ìjàgbọ̀n. Ọlọ́run mọ ìdí tí ó fi kùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wò ó látòkè, dúdú omi ló máa rí. Ẹni tó bá wò ó látìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló máa rí.

Fún ìpẹ́, kànìnkànìn ni mò ń lò. Kànìnkànìn onínáílọ́ọ̀nù wa yìí gan-an, èyí gígùn tí a fi ń họ ẹ̀yìn, mo ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ní òpópónà Bissonnet níbí. Màá nà án mọ́ ara ẹja náà pinpin, màá fọ́n ọ̀dà gba ojú rẹ̀ kọjá. Tí mo bá ṣí i kúrò, ìpẹ́ ti tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọgbọ́n náà ti wà tipẹ́. Ilé iṣẹ́ Creek Chub, ní ìlú Garrett ní Indiana, máa ń fọ́n ọ̀dà gba ojú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹja onígi tiwọn ni ọ̀dọ́kùnrin àgbẹ̀ kan, George Perry, fi mú bass tó wọn pọ́n-ùn 22 àti áùnsì 4 ní Georgia, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 1932. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ bass tó tóbi jù lágbàáyé. Perry gbé e lọ sílé, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ, epoxy, irú gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara tó sì ń le bí ike, ni màá fi bò ó, màá sì fi í kọ́ ara ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí i po díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, kó má baà ṣàn jọ síbì kan.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an rèé. Gbogbo ẹni tó bá rí wọn lára ògiri mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tà á nù un! Ẹ ṣí ojú ewé sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Ìyá mi lórí fóònù ńkọ́? "Ṣé wọ́n ń rà á?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tí owó ilé ìwé jẹ́, ó mọ ohun tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwa tí a wà níbí, wákàtí wákàtí la fi ń ta ara wa. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ alẹ́, tó tún gba àfikún, á máa ka oorun gan-an mọ́ owó tó sọnù. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ohun tí ọwọ́ ń ṣe láìgba kọ́bọ̀ á máa jọ àdánù.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tà á, ìdí rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois dán ojú bass wò. Wọ́n rí i pé ó dá pupa mọ̀ dáadáa, ó dá àwọ̀ ewé mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti ya búlúù kúrò lára dúdú, tàbí àwọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà yẹn kúrò lára funfun. Pupa náà ńkọ́, bí omi bá ti jìn, òun ló kọ́kọ́ ń pòórá. Ẹ wá lọ wo ògiri ilé ìtajà ohun èlò ìpẹja. Àwọ̀ ibẹ̀ lé ní ogójì, wọ́n ń dán gbinrin. Àwọn apẹja àtijọ́ níbí máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ lure ni wọ́n ṣe láti mú apẹja, kì í ṣe láti mú ẹja. Òótọ́ ni. Ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ojú oníbàárà ni màá máa kùn fún, ojú ẹja á sì di ìkejì. Ojú ẹja yẹn ni mo fi ọdún wọ̀nyí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò.

Ẹnì kan á sọ pé Lauri Rapala tà á ńkọ́? Ó tà á lóòótọ́. Apẹja ni ní Finland, ẹja pípa ló fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé nínú agbo ẹja kéékèèké, èyí tó bá ń rìn ségesège ni ẹja ńlá máa ń kọlù. Ní 1936, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀kan láti ara kọ́ọ̀kì, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì wé e, ó yọ́ fíìmù fọ́tò lé e lórí kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ní 1962, ìwé ìròyìn Life kọ nípa rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ya bò ó láti rà á. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹja ló wò, kò wo ọjà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo máa ń fi ta lọ́rẹ o. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ bá mi lọ sódò, tìrẹ ti wà. Kó ṣáà rántí pé ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ ìpẹja ní Texas.

Ní báyìí, pupa ni mò ń kùn. Ní oṣù kejì, ní adágún Sam Rayburn, gbogbo apẹja ibẹ̀ mọ̀ pé pupa bíi ti crawfish, edé ńlá ẹlẹ́nu ẹ̀mú tó ń gbé inú ẹrẹ̀, ni bass ń lé nínú koríko etí omi. Omi ibẹ̀ kò jìn, nítorí náà pupa á ṣì jẹ́ pupa lójú wọn. Mo ti kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ku ikùn, àwọ̀ ọsàn díẹ̀ ni mo fẹ́ fi síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ṣe nǹkan tí ẹ kì í tà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n ka tiyín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí ará ilé.