Kí ló dé tí fóòmù ìpaná fi ń kú lójú iná ọtí?

Ẹ káàbọ̀ o. Abọ́ méjì ló wà lórí tábìlì mi níbí ní Àkúrẹ́: kẹrosíìnì wà nínú ọ̀kan, sípíríìtì tí a fi ń nu ojú egbò wà nínú èkejì. Mi ò tanná sí wọn. Bí ẹ bá dán an wò, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe tanná. Mo da omi díẹ̀ sí kẹrosíìnì: omi rì sísàlẹ̀. Mo dà á sí sípíríìtì: ẹ ò rí i mọ́. Wàyí o, mo bu ìfófó ọṣẹ lé sípíríìtì náà lórí. Ẹ wò ó bó ṣe ń rá!

Omi ló pọ̀ jù nínú fóòmù, ìfófó tí àwọn panápaná fi ń paná. Bẹntiróò kì í bá omi dàpọ̀, ìyẹn ni fóòmù fi ń bò ó bí ìdérí. Ethanol (ọtí inú ògógóró), methanol (ọtí mìíràn tó jẹ́ májèlé) àti acetone (èyí tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) yàtọ̀: wọ́n á mu omi inú fóòmù, fóòmù á sì kú kí iná tó kú.

Ó kàn wá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an, àwa tí a ń se ògógóró. Ẹni tó ń po lọ́fíńdà náà ní kẹ́ẹ̀gì ethanol ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Láti nǹkan bí 13°C ni oru ethanol ti lè gbaná. Àkúrẹ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án.

Omi ńkọ́? Ẹ bu lítà 9 sí lítà ethanol 1, àpòpọ̀ yẹn ṣì lè gbaná tó bá gbóná tó 50°C. Kí omi tó tó, abọ́ á ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, iná á sì bá a ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì.

Fún iná kékeré, sìlíńdà ìpaná oníyẹ̀fun ni mo fẹ́ràn jù. Sìlíńdà CO2 (gáàsì carbon dioxide) náà dára nínú ilé, àmọ́ atẹ́gùn ìta á gbé e lọ. Méjèèjì kì í mú nǹkan tutù, nítorí náà ẹ má tètè kẹ̀yìn sí i, iná lè padà. Iná methanol tilẹ̀ wà tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí lọ́sàn-án gangan. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ sá jáde, kí ẹ pe 112.

Iná ńlá, fóòmù tí wọ́n kọ AR (alcohol-resistant, èyí tí ọtí kì í pa) sí lára ni. Bó bá kan ọtí, á dì bí awọ tó ń bo ojú ògì gbígbóná tó ń tutù, fóòmù yòókù á sì jókòó lé e. Bí ẹ bá rí 3/6 lára dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, nínú lítà 100 àpòpọ̀ òun àti omi, lítà 3 rẹ̀ ni ti iná bẹntiróò, lítà 6 ni ti iná ọtí. Ẹ má yìn ín wọ inú ọtí náà, awọ yẹn á lu. Ògiri ẹ̀yìn iná ni kí ẹ yìn ín sí, kó máa rọra ṣàn wálẹ̀.